Ọdún Tí A Fi Wá Ìlú fún Wúrà

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù kìíní, 2025

Òtútù òní kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Wúrà ti ilé ìwé dé, kò bọ́ kóòtù, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ní, "Mummy, they said I'm an international student."

Mo ní, "International báwo? Nínú Barking tí a ń gbé yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Because of our visa."

Olùkọ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yunifásítì ló pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tèmi ni òun àti bàbá rẹ̀ fi wà nílùú Ọba yìí, owó àjèjì ni yunifásítì máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba kò sì ní yá a ní kọ́bọ̀ títí a ó fi gba ìwé ìgbélùú. Ọdún 2027 nìyẹn, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ń sọ "innit" bí ẹni tí wọ́n bí sí Heathway ládùúgbò wa ni wọ́n ń pè ní àjèjì. Mo tún gbogbo abọ́ tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀ fọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù kìíní

A jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Adédèjì kò tíì bọ́ bàtà tó fi ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí ní Castle Green tó ti là á mọ́lẹ̀. (Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pe ọkọ mi lórúkọ.) Ó ní, "Tó bá jẹ́ owó àjèjì náà ni wọ́n máa gbà, ẹ jẹ́ kó lọ síbi tó ti jẹ́ àjèjì lóòótọ́. Canada." Adékúnlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ilé ìwé, wà ní Winnipeg. Èmi ní Ireland. Ireland kò jìnnà, mo lè lọ wo ọmọ mi ní Sátidé kí n sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Wúrà wo ojú mi, ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó bu ìrẹsì kún ìrẹsì.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé kíkọ́ ló fẹ́ lọ kọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wó àdúgbò Gascoigne tí wọ́n sì ń tún un kọ́ níwájú fèrèsé wa, ó mọ iye àjà tí wọ́n ti dà, ó tilẹ̀ mọ èyí tí wọ́n dà lọ́jọ́ òjò tí kò yẹ kí wọ́n dà. Èmi, eruku rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀.

Ohun kan ni mo fi lélẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́. Ará ṣọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ gbọ́, Ìjẹ̀bú-Òde kò gbọdọ̀ gbọ́, WhatsApp ẹbí kò gbọdọ̀ gbọ́, àfi tí físà bá ti wà lọ́wọ́. Lọ́dún 2016 mo sọ fáyé pé Amẹ́ríkà ń bọ̀, mo ti pín ìkòkò mi fáwọn aládùúgbò, mo sì padà láti ẹ́ḿbásì wá máa yá ìkòkò mi lọ́wọ́ wọn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí físà ti ìlú yìí jáde ní 2022, ìyá mi gan-an, ọjọ́ tí bàálù gbéra ni wọ́n gbọ́.

Adédèjì ní, "Báwo ni màá ṣe wá béèrè lọ́wọ́ Adékúnlé?"

"Ẹ ní ọmọ ẹnìkan níbi iṣẹ́ ni."

Ọjọ́ Àìkú, 26 oṣù kìíní

Òjò àti atẹ́gùn. Lẹ́yìn ìsìn, a ń wá bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa nínú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ ń tutù lórí sìmẹ́ńtì. Sístà Magdalene, ìyá ẹgbẹ́ wa, di ọwọ́ mi mú. "Wúrà wà ní Year 13 àbí? University wo lẹ ń wò?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ó ṣì ń rò ó o, Mà. Ẹ bá wa gbàdúrà."

Wọn kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n ń wojú mi bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ sí i. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń wá ẹsẹ̀ bàtà òsì mi tó wà níwájú mi gbangba.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kejì

Iṣu kan, pọ́n-ùn mẹ́jọ, ní ọjà Barking. Mo gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọmọ ìkókó.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kejì

Ẹnìkan ṣoṣo ni mo ń sọ ọ́ fún: Reuben, ní ilé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Dagenham. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá náà fi ń de ilẹ̀kùn mọ́ mọ́tò nílé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀, ṣùgbọ́n báyìí kò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀. Àṣírí mi kò lè ti ibẹ̀ jáde. Bí mo bá ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: mo ní ọmọbìnrin kan, ó mọ ìwé, a ń wá ìlú tó máa lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní kí n rán an lọ síbi tí òkun wà. Lónìí ó ní kí ló dé tí kò lè lọ sí ilé ìwé tó wà nítòsí. Mo ní kó má mira, kí abẹ má bàa gé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kejì

Adékúnlé pè láti Winnipeg. Ó ní Canada ti dín iye ọmọ tí wọ́n ń gbà kù, owó tí wọ́n fẹ́ rí ní báńkì kí wọ́n tó fúnni ní físà ti gbé pẹ́ẹ́lí, àti pé òtútù tó wà níta lọ́dọ̀ òun báyìí, itọ́ ẹni lè di yìnyín kó tó kanlẹ̀. Ó wá bi Adédèjì pé, "Ọmọ coworker ẹ yìí, ṣé ó mọ physics?"

Adédèjì, tí kò mọ irọ́ pa, fọhùn bí akọni: "Ṣé Wúrà? Grade A ló máa ń gbà!"

Adékúnlé rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo ti ń fi ojú bá ọkọ mi wí kí ẹ̀rín náà tó tán. Ó kàn fi fóònù sórí tábìlì, ó ní, "Ṣé mo wá ṣẹ̀ ni?"

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹta

Mi ò mọ bí màá ṣe kọ èyí. Mo ń gbé aṣọ tí mo fọ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo gbọ́ ohùn Wúrà láti inú rẹ̀. Èdè tó ń sọ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe Yorùbá. Ó le lọ́nà ọ̀fun, ó ń yára, ó ń dúró, ó ń tún un sọ. Ọmọ tí kì í fẹ́ jí fún àdúrà àárọ̀! Ẹ̀mí Mímọ́ ti bà lé e, kò sì sọ fún mi. Mi ò kanlẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú tówẹ̀lì tútù lórí itan mi, mo sunkún ayọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹta

Mo tan àbẹ́là méje, mo sì san ọrẹ ọpẹ́. Olùṣọ́ ìjọ wa béèrè ohun tí mo ń dúpẹ́ lé lórí. Mo ní Bàbá Ọ̀run mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù kẹta

Ọjọ́ àwọn ìyá. Wúrà fún mi ní káàdì àti ọ̀ṣọ́ etí, láti inú owó iṣẹ́ Sátidé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Heathway. Mo ti pe Ireland lọ́sẹ̀ yìí, mo fi ohùn òyìnbó béèrè bí ẹni tí kò kàn. Owó àjèjì tiwọn náà, ọ̀gbun ni. Mo bi Wúrà pé kí ni òun fúnra rẹ̀ ń rò. Ó ní, "I'm thinking, Mummy." Ọmọ tí mo bí, tó máa ń ro ẹjọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré! Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ fi wá wọ́n lẹ́nu rẹ̀ báyìí?

Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kẹrin

Orí ń ta mí láti ìgbà tí mo ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Jésùfẹ́mi, ọmọ Sístà Magdalene, wá fún ìsinmi. Ó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì kan níhìn-ín. Èmi mọ̀ pé ìwé ìgbélùú tiwọn náà kò tíì pé, nítorí náà mo rọra bi í pé ta ló ń sanwó fún un. Ó dá mi lóhùn bí ẹni tí kò ní nǹkan fi pamọ́: "Scholarship ni, Aunty. They do it for people like us, with no settled status. Full fees." Mo bi í pé ṣé wọ́n ṣì ń gbà á. Ó ní, "I think it closed end of March."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Sístà Magdalene rí mi, wọ́n wá jókòó tì mí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo sọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti oṣù kìíní. Wọ́n gbọ́wọ́ lérí.

"Ṣebí mo bi ẹ́? Lẹ́nu ilẹ̀kùn yìí, in January! Mo di ọwọ́ ẹ mú! Nítorí scholarship yẹn ni mo ṣe bi ẹ́."

"Ẹ bi mí, Mà."

"O ní ó ṣì ń rò ó."

Inú bí mi, ó bí mi sí ara mi àti sí wọn. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Mà? Mo jó níbi ìdúpẹ́ yín lọ́dún tó kọjá. Bàtà ń bẹ nílẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ lásán jó títí àtẹ́lẹsẹ̀ mi fi bó. Ẹ ní Ọlọ́run ṣe ohun ribiribi. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo ń jó fún!"

Wọ́n ń fi ìka tẹ́ aṣọ funfun wọn lórí orúnkún. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Mo ń dúró kó gba certificate tán ni kí n tó jẹ́rìí. Ẹ̀rù ẹnu ayé ń bà mí." Wọ́n tún ní, "Ẹni tó dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwa méjèèjì la jọ dákẹ́, Ìyá Wúrà."

Báyìí ni a jókòó, àgbàlagbà méjì, tí a kò mọ ẹni tó yẹ kó bẹ ẹnì kejì.

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù kẹrin

Mo pe yunifásítì náà. Obìnrin tó gbé fóònù níwà pẹ̀lẹ́. Ó ní kí Wúrà gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 oṣù kẹrin

Mo sọ fún Adédèjì. Kò pariwo, ìyẹn ló burú. Ó ní, "Ìwọ àti ìkọ̀kọ̀ ẹ," ó sì lọ síbi iṣẹ́ láì mú oúnjẹ tí mo dì fún un. Mo jẹ ẹ́ fúnra mi lórí ìdúró. Mo wá fọ gbogbo kọ́tìnnì ilé, èyí tó mọ́ àti èyí tí kò mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù karùn-ún

Ìròyìn jáde. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ sọ ọdún márùn-ún tí a fi ń dúró de ìwé ìgbélùú di mẹ́wàá. Nínú yàrá ìsinmi wa níbi iṣẹ́, gbogbo wa tẹjú mọ́ fóònù. Ẹnìkan ń fi ìka ka ọdún. Èmi náà kà á: bó bá di mẹ́wàá, Wúrà á ti pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n kí ìjọba tó yá a ní owó ilé ìwé. Nígbà tí mo dé ilé ó ti gbọ́ lórí fóònù rẹ̀. Mo ní, "Wúrà mi, pẹ̀lẹ́." Ó ní, "I've got my mechanics exam on Thursday, Mummy," ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó dà bíi pé mo ń dí i lọ́wọ́, mo kúrò.

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù kẹfà

Pẹ́ńtíkọ́sì. Olùṣọ́ ní kí àwọn tí Ẹ̀mí ṣẹ̀ṣẹ̀ bà lé bọ́ síwájú. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún Wúrà. Kò mira. Mo tún gún un. Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ sídìí ògiri.

Nínú bọ́ọ̀sì ó ní, "Mummy, why were you poking me?"

Mo rọ ohùn mi sílẹ̀. "Mo ti gbọ́ ẹ. Nínú balùwẹ̀, láti March. Ẹ̀bùn Ọlọ́run kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́."

Ó wò mí. Ẹ̀rín ṣẹ́yọ, ó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èrò bọ́ọ̀sì fi yíjú sí wa. Kí n tó mọ̀, ẹ̀rín ti di ẹkún.

"Mummy, it's German. German ni mò ń kọ́."

"Jámánì kẹ̀?"

Ó mú fóònù jáde. Yunifásítì kan ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé kíkọ́. Kò sí owó ilé ìwé, àyàfi owó kékeré kan fún ìforúkọsílẹ̀. Ó ti kọ̀wé sí wọn ní oṣù kẹrin. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá wọ́n fèsì: wọ́n gbà á, bí èsì ìdánwò tó máa jáde lóṣù kẹjọ bá dára.

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún wa?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni till it's in hand."

"Ṣé èmi ni ẹnikẹ́ni?"

"Daddy would've said Canada. Ẹ̀yin, ẹ̀ bá ti máa gbààwẹ̀. Everybody would've had something to say." Ó nu imú pẹ̀lú ọwọ́ aṣọ funfun rẹ̀. "Ẹ̀rù ẹnu ayé ń bà yín. Èmi náà, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹnu yín wà níbẹ̀, Mummy."

A kọjá ibi tó yẹ ká ti bọ́ sílẹ̀. Ibùdókọ̀ méjì la fi ẹsẹ̀ rìn padà. Ó dùn mí wọnú egungun. Èmi ni mo kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kẹfà

Adédèjì ka lẹ́tà náà lórí ìdúró, bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ta la ní ní Jámánì?" A kò ní ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kẹfà

Mo lọ bá agbẹjọ́rò tó ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, Ọlọ́ládé lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó ṣe àlàyé láìyí i po. Físà wa parí lóṣù kẹwàá, a gbọ́dọ̀ tún un gbà. Bí Wúrà bá lọ máa gbé ní Jámánì, kò lè sí lórí ìwé náà pẹ̀lú wa. Ọdún mẹ́ta tó ti kà níhìn-ín fún ìwé ìgbélùú máa já sófo. Bó bá fẹ́ padà wá lẹ́yìn ìgbà náà, àlejò ló máa jẹ́, tàbí kó fi agbára ara rẹ̀ gba físà tirẹ̀.

"Bí ó bá dúró ńkọ́?"

"Then she stays on your papers, Mà. And she waits."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Bó bá dúró, ó wà lọ́dọ̀ wa, kò kàwé. Bó bá lọ, á kàwé, a ó sì pín sí ìlú méjì láì mọ ọjọ́ tí ìwé máa so wá pọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń pariwo Ireland, Ireland, mi ò rò ó débẹ̀. Mo rò pé yunifásítì ni a ń wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kẹfà

Ooru. Fáànù tí mo rà ní Heathway pọ́n-ùn méjìdínlógún, ó ń fẹ́ ooru síni lójú ni. Mo tún sọ ọ́ fún Reuben, mo ní ọmọ mi lè lọ sí Jámánì. Ó ní, "Will she be back for her tea?" Mo lọ wá tówẹ̀lì tí mi ò nílò.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù kẹfà

Mo ṣe é. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó ní ẹ̀rí bọ́ síwájú, mo dìde. Adédèjì di ẹ̀yìn aṣọ mi mú, mo já a gbà. Mo ní, "Ẹ̀yin ará, ohun tí mo fẹ́ sọ kò tíì ṣẹlẹ̀." Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń wo ara wọn, nítorí a kì í jẹ́rìí ohun tí ọwọ́ kò tíì tẹ̀. Mo sọ ti Jámánì, mo sọ pé físà kò tíì sí, pé owó kò tíì pé, pé èsì ìdánwò kò tíì jáde. Mo sọ ti scholarship tí mo fi ẹnu dídì pàdánù. Mo sọ ti balùwẹ̀ pàápàá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí Olùṣọ́ fi yọ awò ojú.

Sístà Magdalene ló kọ́kọ́ ké Halelúyà. Kí a tó rí bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà, nọ́ńbà mẹ́ta ti wọ fóònù mi. Àbúrò Bùrọ́dà Akínbọ̀dé ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Dortmund ní Jámánì, wákàtí kan sí ibi tí Wúrà fẹ́ lọ. Ọdún méje ló ti wà níbẹ̀, a sì ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ìgbà tí a ti dé! Bàbá àgbà kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a kì í sọ ọ́ síta. Mo ní mo mọ̀, Sà.

Ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù kẹfà

Adédèjì gbé owó tó ti ń tọ́jú nítorí Canada kalẹ̀, èyí tí báńkì Jámánì máa tì pa kí wọ́n lè máa yọ ọ́ fún Wúrà lóṣooṣù. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ púpọ̀." Wúrà dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin dípò kó kúnlẹ̀, ó ti gbàgbé. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lóṣù yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù keje

Mi ò lè jókòó. Mo ti to kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù keje

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Wúrà gbọ́dọ̀ fèsì bóyá ó gba àyè náà tàbí kò gbà á. Ó bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó jókòó, ó ń bá mi ṣà á.

"Mummy, ẹ ti sọ fún gbogbo church. Ẹ ò tíì sọ fún mi."

"Sọ kí ni?"

"If I should go."

Mo wo ẹ̀wà. Mo fẹ́ sọ pé kó dúró. Mo fẹ́ ẹ gan-an, ẹnu mi ti ń ṣí. Mo fẹ́ kó ta ọjà ní Heathway títí ó fi pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, kí n máa gbóhùn rẹ̀ nínú balùwẹ̀. Mo ní, "Lọ."

Ó ní, "Are you sure?"

Mo ní, "Mo ní kí o lọ. Má jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò ní lè sọ ọ́."

Ó gbé orí lé mi léjìká. A ṣa ẹ̀wà náà tán, òkúta mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kẹjọ

Èsì ìdánwò Wúrà dé: A, A, B. Oòrùn mú bíi ti Ìjẹ̀bú. Mo ké nínú yàrá ìsinmi níbi iṣẹ́, wọ́n rò pé ẹnìkan ti kú.

Ọjọ́rú, 17 oṣù kẹsàn-án

Físà Wúrà dé. Adédèjì fọwọ́ kan án, ó gbé e sókè sí fèrèsé bí ẹni tó ń yẹ owó wò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù kẹsàn-án

Àpótí kan, kílò mẹ́tàlélógún. Gàrí ni mo kọ́kọ́ dì, Wúrà yọ ọ́, mo dá a padà, ó tún yọ ìdajì. Òjò díẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú. Ó dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó wọlé, ó yíjú padà lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò Bùrọ́dà Akínbọ̀dé ló lọ pàdé rẹ̀. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́: Wúrà ń jẹ ìrẹsì, ó wọ kóòtù nínú ilé.

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹwàá

Mo wà lẹ́nu ìsinmi, ni mo bá ní kí n kọ fọ́ọ̀mù físà tiwa kí ọjọ́ tó lọ. Adédèjì gbé àga wá sẹ́yìn mi. Orúkọ mi, ọjọ́ ìbí mi, ilé tí mo ń gbé, ilé iṣẹ́ tó gbà mí. Mo dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè àwọn tí wọ́n wà lábẹ́ mi nílùú yìí. Mo kọ orúkọ Adédèjì. Fọ́ọ̀mù náà bi mí bóyá ó tún ku ẹnìkan.

Ọwọ́ mi kò dúró bi mí. Ó ti kọ ọ́: orúkọ rẹ̀, orúkọ àárín, ọjọ́ ìbí rẹ̀. Mo jókòó, mò ń wò ó.

Adédèjì ní, "Ìyá Wúrà, jẹ́ kí n bá ẹ pa á rẹ́."

Mo ní rárá, èmi ni màá pa á rẹ́. Mo pa á rẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn wá síwájú, mo sì tẹ "Kò sí".